Àrokò Aláṣọ: Ìtàn Àsíá Bàhíà àti Ìtumọ̀ Àwọ̀ Ara Rẹ̀

Ní ayé àwọn baba wa, kí ìwé kíkọ tó dé àárín wa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ìdálẹ̀ a máa sín owó ẹyọ mẹ́fà sí okùn, a sì fi í rán ọmọ sí i. Bí ẹni tí wọ́n rán an sí bá jẹ́ ẹni tí àgbà tọ́, kò ní béèrè pé kí ni èyí. Ó mọ̀ pé ẹ̀fà ni ìfà, àti pé ohun tí ọ̀rẹ́ òun ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i. Àrokò ni à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni ènìyàn sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè ka àrokò: ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fi pa á, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó pa á ránṣẹ́. Ẹni tí ó mọ ti àkọ́kọ́ tí kò mọ ti èkejì, ìjà ni yóò máa kà níbi tí wọ́n gbé kọ ìfẹ́ sí.

Àsíá pẹ̀lú, àrokò ni. Aṣọ ni wọ́n fi pa á, ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì gbé e kọ́ sí kí tilé-toko lè kà á. Èyí tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi tú lónìí ni àsíá Bàhíà, ìpínlẹ̀ ńlá kan ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsíìlì. Díẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá tó ibẹ̀. Ní ìgboro Salvador, olú-ìlú Bàhíà, àwọn obìnrin ṣì ń jókòó ti agbada epo tí wọ́n ń din àkàrà, acarajé ni wọ́n sì ń pè é títí di òní; bí ọjọ́ ẹtì bá dé, aṣọ funfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ nítorí Ọbàtálá, Ọbatáríṣà, aláṣọ àlà; Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ilé òrìṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1910, kò sì tíì parẹ́. Nítorí èyí, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá rí àsíá wọn, ojú ilé ni ó fi ń wò ó, ó sì ń kà á bí ẹni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rán an. Àlejò lójú, àwọn àgbà wí, kò fi ríran.

Bí àsíá náà ṣe rí

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bràsíìlì jẹ́ àpapọ̀ ìpínlẹ̀ 26 pẹ̀lú agbègbè olú-ìlú, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà ti jẹ́ àpapọ̀ ìpínlẹ̀ 36 pẹ̀lú Àbújá. Àsíá orílẹ̀-èdè náà ni gbogbo ayé mọ̀, aláwọ̀ ewé tí ó ní àwọ̀ ìyeyè láàárín, èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn sọ di olókìkí. Ìyẹn ni ti gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀, bí agboolé kọ̀ọ̀kan ti ní oríkì tirẹ̀ lábẹ́ oríkì ìlú. Ẹni tí a bá sì ki ní oríkì agboolé rẹ̀, tí orí rẹ̀ wú, kò sọ pé òun kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́.

Ti Bàhíà rọrùn láti ṣàpèjúwe. Ìlà gbọọrọ mẹ́rin ni wọ́n tẹ́ léra ní ìbú: funfun lókè pátápátá, pupa tẹ̀lé e, funfun tún tẹ̀ lé pupa, pupa kejì sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Ní igun òkè, níbi tí aṣọ gbé so mọ́ òpó, wọ́n fi àwọ̀ aró kùn ún ní onígun mẹ́rin. Nínú aró yìí ni onígun mẹ́ta funfun kan dúró sí, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè. Ó parí. Kò sí ìràwọ̀ lára rẹ̀, kò sí ẹranko, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ní rúlà kan àti lẹ́ẹ̀dì pupa pẹ̀lú ti aró lè yà á tán kí agogo ìsinmi tó lù. Ó sì jẹ́ pé ohun tó rọrùn láti yà bẹ́ẹ̀ náà ni ó rọrùn láti ṣì kà.

Ohun tí kì í ṣe

Àṣìkà tó wọ́pọ̀ jù láàárín tiwa ni pé pupa àti funfun yẹn, ti Ṣàngó ni. N kò lè pe ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀ ní òmùgọ̀. Olúkòso, Àrẹ̀mú, ọkọ Ọya, ẹni tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, pupa àti funfun ni àwọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Bàhíà sì ń fi ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ méjì yìí sọ́rùn gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tó pa àrokò. Àwọn tó gbé àsíá yìí kalẹ̀, olóṣèlú ni wọ́n, ní ìgbà tí ọlọ́pàá Bàhíà ṣì ń ya wọ ilé òrìṣà, tí wọ́n ń kó ìlù, tí wọ́n ń ti àwọn ìyálórìṣà mọ́lé. Ìlú tí ń lé olórìṣà kiri ní ọ̀sán kò lè gbé àwọ̀ Ṣàngó kọ́ sórí òpó ní òwúrọ̀.

Àwọn mìíràn tún so ó mọ́ ogun àwọn Málè. Ìyẹn ni ogun tí àwọn ẹrú àti ẹni òmìnira tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó, èyíinì ni Yorùbá, dìde jà ní Salvador ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú oṣù Ramadan. Lẹ́yìn ogun náà ni ìjọba lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò, tí ọ̀pọ̀ mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀. Wọ́n dé Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó. Orúkọ ìdílé wọn wà láàárín wa títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Àgùdà àkọ́kọ́ yìí ń gun orí òkun bọ̀, kò tíì sí àsíá Bàhíà tí wọn ì bá dágbére fún. Ó ku ọdún 54 gbáko kí ẹnikẹ́ni tó gbé e kalẹ̀.

Àṣìkà kẹta ni pé ti Amẹ́ríkà ni wọ́n jí wò. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, a kò sì ní fi bò. Ẹni tó bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí ìlà pupa òun funfun níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, yóò rí aró ní igun òkè níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àwọn tí wọ́n fẹ́ lé ọba kúrò ní Bràsíìlì nígbà náà ń wo Amẹ́ríkà bí àwòṣe ìjọba tí kò ní ọba, wọ́n sì yá ìlànà aṣọ rẹ̀ lò. Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n tò sínú ìlànà náà ti wà ní Bàhíà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó yá a, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí i.

Owó ẹyọ lára ṣéènì aago

Ọdún 1798 ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọba Potogí ló ni Bàhíà nígbà náà. Ìrèké ni ọlá ilẹ̀ náà, ọwọ́ ẹrú ni ó sì ń gbìn ín tí ó ń gé e. Ìròyìn méjì ti gba orí omi dé èbúté Salvador: pé àwọn ará Faransé dìde sí ọba wọn ní 1789, àti èyí tí ń já àyà àwọn olówó ẹrú jù, pé àwọn ẹrú Haiti dìde sí olówó wọn ní 1791, wọn kò sì padà sí oko mọ́. Láàárín àwọn ọmọ ogun tí owó ọ̀yà wọn kò tó jẹun, àti àwọn aránṣọ tí wọ́n ń rán ẹ̀wù fún ọlọ́lá ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ara wọn kò jẹ́ kí ọlọ́lá bá wọn jókòó, ọ̀rọ̀ yìí ràn bí iná inú ọyẹ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ará Salvador jí, wọ́n bá ìwé àfọwọ́kọ lára ògiri ní àwọn ibi tí èrò gbé ń kọjá. Ohun tí ìwé náà ń béèrè kò farasin: kí ìjọba ọba dópin ní Bàhíà, kí owó ọ̀yà ọmọ ogun gòkè, kí èbúté ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè, kí a má sì ṣe fi àwọ̀ ara díwọ̀n ènìyàn mọ́.

Báwo wá ni àwọn tó wà nínú ìmùlẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé náà ṣe ń dá ara wọn mọ̀ ní ìgboro? Ìtàn fi yé wa pé òrùka kékeré ní etí, irùngbọ̀n tí wọ́n dá sí, àti owó ẹyọ kan tí wọ́n so mọ́ ṣéènì aago wọn ni àmì. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ wo ẹyọ owó yìí. Ṣéènì aago, ọ̀ṣọ́ Òyìnbó ni. Ó rọ̀ mọ́ ẹ̀wù tí aránṣọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ohun tí ó wá ń mì ní etí rẹ̀ ni ikarahun funfun kékeré tí à ń ná lọ́jà ní Ọ̀yọ́ Ilé nígbà náà, tí a sì ń fi 16 irú rẹ̀ dá owó mẹ́rìndínlógún. Ní ọjà Salvador, kò lè ra ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Áfíríkà wá, tàbí tí ìyá rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, mọ̀ ọ́n lójú kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ohun ìṣeré etí òkun lásán ni. N kò sọ pé Yorùbá ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n mọ àrokò, wọ́n sì fi ohun ìní Áfíríkà pa á. Ìdí nìyí tí àwọn ará Bàhíà fi ń pe ọ̀tẹ̀ náà ní Ọ̀tẹ̀ Owó Ẹyọ, bí àwọn mìíràn ti ń pè é ní Ọ̀tẹ̀ Àwọn Aránṣọ.

Wọ́n ti yan àwọ̀ ìlú olómìnira tí wọ́n fẹ́ dá: funfun, aró àti pupa, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa béèrè ìtumọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè wí pé pupa ni ẹ̀jẹ̀, funfun ni àlàáfíà. Mo rò pé ọ̀nà tí a fi ń ka àwọ̀ wọ̀nyí kọ́ nìyẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jùmọ̀ ń sọ̀rọ̀, bí aṣọ ẹbí. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìtumọ̀ òwú kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ ẹbí, ẹbí tó ni ín ni à ń béèrè. Aró, funfun àti pupa ni àwọ̀ tí àwọn ará Faransé gbé dìde sí ọba wọn. Ẹni tó bá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní Salvador ní 1798 ti wí pé kò sí ènìyàn tí a bí láti jẹ ọba lé ènìyàn lórí, gbogbo ọlọ́pàá ìlú ló sì gbọ́ ohun tó wí.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìpàdé tí wọ́n pè ní ìparí oṣù kẹjọ náà, olófòófó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ṣáájú èyí pàápàá ni gómìnà ti pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọwọ́ ìkọ̀wé ara ògiri wé àwọn ìwé tó wà nínú àpótí ìjọba. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Luís Gonzaga das Virgens ti kọ sí ìjọba tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní ó bá a mu, wọ́n sì mú un. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọlọ́lá àti ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn, oníṣègùn Cipriano Barata sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn ọlọ́lá bọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1799, ní gbàgede Piedade, mẹ́rin ni wọ́n so rọ̀: Luís Gonzaga das Virgens àti Lucas Dantas, ọmọ ogun, João de Deus do Nascimento, aránṣọ, àti Manuel Faustino dos Santos Lira, ọ̀dọ́ aránṣọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú. Kò sí aláwọ̀ funfun kan láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n gé òkú wọn, wọ́n fi kọ́ káàkiri ìlú, wọ́n sì kéde pé ẹni ìtìjú ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n ni ìjọba ń rò.

Oníṣègùn àti onígun mẹ́ta

Ọdún 91 kọjá lórí ìwé ara ògiri yẹn kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún pàdé lórí aṣọ kan. Potogí ti lọ, ṣùgbọ́n ọba ṣì wà, nítorí ìdílé ọba Potogí kan náà ni ó jókòó sórí ìtẹ́ Bràsíìlì. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú. Ọdún kan àti ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1889, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò fẹ́ ọba ṣe ìpàdé ní Bàhíà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Deocleciano Ramos sì gbé àpẹẹrẹ àsíá síwájú wọn. Èyí tí mo ṣàpèjúwe lókè ni. Àsíá ẹgbẹ́ ni nígbà náà, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ọba kò tíì ṣubú títí di ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti 1798 ni wọ́n ti mú un. Ìlànà ìlà, Amẹ́ríkà. Ó wá ku onígun mẹ́ta. Láti Minas ni ó ti wá, ìpínlẹ̀ tó bá Bàhíà pààlà. Ní 1789, àwọn kan dìtẹ̀ sí ọba Potogí níbẹ̀ náà, onígun mẹ́ta ni wọ́n sì yàn fún àsíá wọn. Nínú wọn ni ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Tiradentes, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ayọyín, nítorí ó máa ń bá ènìyàn yọ eyín. Òun nìkan ni wọ́n pa nínú wọn, wọ́n so ó rọ̀ ní Rio de Janeiro ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1792. Àwọn kan ń ka onígun mẹ́ta náà sí Mẹ́talọ́kan. Àwọn mìíràn ń kà á sí àmì ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Fíríméésìn, tí ọ̀pọ̀ olóṣèlú Bràsíìlì ayé ìgbà náà jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí Ramos fi í sí igun àsíá Bàhíà, ọ̀tẹ̀ méjì ni ó ń so pọ̀ sórí aṣọ kan, ti àwọn aránṣọ àti ti Ayọyín.

Iná ọdún 1937

Títí di ibí yìí, ìlò ni ó sọ aṣọ náà di ti Bàhíà. Òfin kò tíì fọwọ́ sí i. Kí òfin sì tó fọwọ́ sí i, òfin kọ́kọ́ sun ún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1937, Getúlio Vargas, ààrẹ Bràsíìlì nígbà náà, gba gbogbo agbára ìjọba sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé òfin ilẹ̀ tuntun jáde tó wí pé àsíá kan ṣoṣo ni yóò wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, wọ́n kó àsíá àwọn ìpínlẹ̀ jọ ní gbangba ní Rio de Janeiro, wọ́n tò wọ́n sínú iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Èrò Vargas yé mi: ó rí i pé àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ ń ṣe bí ọba, ó sì fẹ́ kí ọmọ Bràsíìlì jẹ́ ọmọ baba kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáná sun oríkì agboolé kò sọ ìlú di ọ̀kan; ó kàn dín ohun tí ìlú fi ń wú lórí kù ni.

Vargas kúrò lórí oyè ní 1945. Òfin ilẹ̀ tuntun ti 1946 dá ẹ̀tọ́ padà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ní àsíá, Bàhíà sì gbé aṣọ rẹ̀ jáde. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1960, lábẹ́ gómìnà Juracy Magalhães, àṣẹ ìjọba sọ aṣọ tí Ramos gbé kalẹ̀ di àsíá ìpínlẹ̀ Bàhíà ní tòótọ́. Ẹni tó bá bi yín léèrè ọjọ́ orí àsíá yìí, ọdún mẹ́ta ló wà tí ẹ lè dá a lóhùn, 1798 fún àwọ̀, 1889 fún aṣọ, 1960 fún òfin, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn.

Níbi tí ó wà lónìí

Lónìí, ọmọdé Bàhíà ń fi àsíá náà sí àyà kí ó tó mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bahia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1931, gbé e sínú àmì ara ẹ̀wù wọn, aró, pupa àti funfun sì ni àwọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ní ọdọọdún, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí bí wọ́n ṣe lé àwọn ọmọ ogun Potogí tó kù kẹ́yìn kúrò ní Salvador ní 1823, èrò a máa tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n gbé ère ọmọ onílẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin sí, láti Lapinha títí dé Campo Grande. Aláwọ̀ ewé òun ìyeyè ló pọ̀ lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, aláwọ̀ mẹ́ta Bàhíà sì ń fẹ́ láàárín wọn.

Bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi bá dé Salvador, kí ó má fi ti ilé òrìṣà àti ti àkàrà nìkan mọ. Kí ó dé gbàgede Piedade. Ère orí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n so rọ̀ níbẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kọjú sí èrò ọ̀nà. Àwọn tí ìdájọ́ 1799 sọ pé kí ìtìjú wọn máa bá ọmọ dé ọmọ-ọmọ, òfin orílẹ̀-èdè Bràsíìlì ti ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2011 ti kọ orúkọ wọn, Luís Gonzaga, Lucas Dantas, João de Deus àti Manuel Faustino, sínú Ìwé Àwọn Akọni Ilẹ̀ Baba.